Ìyá Àwẹ̀ró àti Ìwé tí Ẹnikẹ́ni Kò Kọ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí ní ìbéèrè kan nínú kíláàsì eré onítàn Yorùbá ní Ilé-Ifẹ̀. A ti ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ Adébáyọ̀ Fálétí, a ti ṣe ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì ti ń parí lọ, nígbà tí mo fi apá kan nínú eré àwàdà hàn wọ́n lórí fídíò. Obìnrin tí ó wà nínú eré náà ni tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Àwẹ̀ró. Kò ta kìtì, kò fi ẹfun kun ojú, kò wọ aṣọ ìdàkudà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ó fi pa gbogbo kíláàsì lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà nawọ́ sókè, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí màmá yẹn ń sọ?"

Mo fẹ́ dáhùn pé kò sí ẹni tí ó kọ ọ́. Bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu ni mo rí i pé ìdáhùn náà kò pé. Ọ̀rọ̀ kì í ṣàdédé hù bí olú. Bí kò bá sí òǹkọ̀wé tí ó kọ ọ́ fún un, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni ó dá a. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun ni ó dá a, kí ni ó dé tí orúkọ rẹ̀ kò fi sí lára àwọn tí mo ń kà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gẹ́gẹ́ bí aṣẹ̀dá lítíréṣọ̀ Yorùbá? Ìbéèrè yìí ni ó bí àròkọ tí ẹ ń kà yìí.

Lánre Hassan ni orúkọ obìnrin náà. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá, ọdún 1950. Ní ọdún 1964, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ, ni ó wọ ẹgbẹ́ òṣèré tí Òjó Ládìpọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Mérò, jẹ́ olórí rẹ̀. Young Concert Party ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà nígbà náà. Ọmọdébìnrin tí ó gba ọ̀nà yẹn ní ọdún yẹn kò gba ọ̀nà tí ó tẹ́jú. Kí a tó lè mọ bí ọ̀nà náà ti rí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Àwàdà kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, Aláàfin mú kí àwọn eégún apidán ṣeré fún un. Nínú ohun tí ó rí ni eégún òyìnbó kan tí ara rẹ̀ funfun, tí ó gbẹ, tí ó ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ń gún lẹ́sẹ̀ tí òtútù sì ń mú. Àwọn òǹwòran ń wo eégún náà, wọ́n sì ń wo àlejò wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Irú àwàdà báyìí pọ̀ lọ́wọ́ àwọn apidán: ọ̀mùtí wà, dìndìnrìn wà, Gàmbàrí wà, ìyàwó wà, aṣẹ́wó náà sì wà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni ó wà lábẹ́ aṣọ gbogbo wọn. Ọkùnrin ni ó ń ṣe ìyàwó, ọkùnrin ni ó ń fi ìdí ṣe yàngà bí aṣẹ́wó. Iṣẹ́ obìnrin ni láti gberin, láti pe oríkì, láti ṣe ẹ̀sà lẹ́yìn eégún. A ń fi obìnrin ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n obìnrin kì í ṣe aláwàdà.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé Shakespeare, ọmọdékùnrin ni ó ń ṣe obìnrin lórí ìtàgé. Ní Gánà pẹ̀lú, nínú eré tí wọ́n ń pè ní concert party, tí Axim Trio sọ di olókìkí láti àwọn ọdún 1930, ọkùnrin ni ó ń wọ aṣọ obìnrin, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún sì kọjá kí obìnrin gan-an tó gba ipò rẹ̀. Ẹ̀rù kan náà ni ó wà níbi gbogbo. Obìnrin tí ó bá dúró síwájú èrò, tí ó ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, àwọn ènìyàn kò ní gbà pé iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Wọn a ní ara rẹ̀ ni ó ń tà.

Hubert Ògúnǹdé ni ó kọ́kọ́ fi owó oṣù gba obìnrin sí iṣẹ́ eré ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1945, lẹ́yìn tí ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kí eré lè di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, ó polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá àwọn obìnrin tí yóò máa ṣeré. Àwọn tí ó wá kò tó nǹkan. Ó wá yí ìpolówó náà padà: ó ní akọ̀wé obìnrin ni òun ń fẹ́. Nígbà náà ni àwọn ọmọbìnrin wá. Bí a bá ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ìtàn obìnrin lórí ìtàgé wa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí a fi bo orúkọ mìíràn mọ́lẹ̀. A kò lè pe òṣèrébìnrin ní òṣèrébìnrin, a ní láti pè é ní akọ̀wé kí ó tó lè jáde nílé baba rẹ̀. Bí àwọn òbí àti àwọn àfẹ́sọ́nà sì ti ń yọ àwọn ọmọbìnrin náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Ògúnǹdé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ kí ẹgbẹ́ má baà tú. Ọ̀pọ̀ olórí ẹgbẹ́ tí ó tẹ̀ lé e ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàwó olórí ẹgbẹ́ di òṣèré, òṣèré sì di ìyàwó olórí ẹgbẹ́. Àǹfààní wà nínú rẹ̀, nítorí ó fún obìnrin ní ìbòrí àti ọ̀wọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé iṣẹ́ obìnrin náà di ara iṣẹ́ ilé: bí a kì í ti í béèrè ẹni tí ó se ọbẹ̀ tí bàálé fi ṣe àlejò, bẹ́ẹ̀ ni a kò béèrè ẹni tí ó dá ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ fi gba ìyìn.

Ọdún 1964 tí Lánre Hassan bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọdún tí ìlú kò fara rọ. Ọdún náà ni Ògúnǹdé ṣe Yorùbá Ronú, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré ní ìpínlẹ̀ wọn mọ́. Ẹni tí ó bá ń wo nǹkan yóò rí i pé bí ọ̀rọ̀ òṣèlú ti ń di ewu lẹ́nu òṣèré, bẹ́ẹ̀ ni àwàdà ń gbilẹ̀. Àkókò yìí kan náà ni Moses Ọláìyá, ọmọ Iléṣà, tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ń ti ìdí orin bọ́ sí ìdí àwàdà. Ẹgbẹ́ Òjó Ládìpọ̀ ní Èkó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n sọ àwàdà di iṣẹ́ gidi, tí kì í ṣe ohun tí a fi ń dá òǹwòran dúró kí eré gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó yá, orúkọ Awada Kẹríkẹrì mọ́ ẹgbẹ́ náà lára. Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello, wà nínú àwọn tí wọ́n jọ dàgbà nínú ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí Òjó Ládìpọ̀ kú ní ọdún 1978, òun ni ó bọ́ sípò olórí.

Báwo ni irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń dá eré? Kókó ọ̀rọ̀ wa wà níbí. Karin Barber, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti ọdún 1977 sí 1984, bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo rìn, ó sì bá wọn ṣeré pàápàá. Òun àti Báyọ̀ Ògúndíjọ da díẹ̀ nínú àwọn eré ẹgbẹ́ náà kọ láti orí téèpù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1994. Ohun tí iṣẹ́ wọn fi yé wa ni pé àwọn eré náà kò ní ìwé tí a kọ́ sórí. Olórí ẹgbẹ́ a sọ ìtàn fún àwọn òṣèré, a pín ipò fún wọn, a sọ bí ìran kọ̀ọ̀kan yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí. Ọ̀rọ̀ tí yóò kún àárín rẹ̀, ó di ọwọ́ òṣèré. Bí ẹgbẹ́ alárìnjò ìgbà náà ti ń ṣe nìyẹn, yálà ní Òṣogbo tàbí ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní olórí ẹgbẹ́ wí fún òṣèré kan pé: "Ìwọ ni ìyá ọkọ. Ọmọ rẹ mú ìyàwó àfẹ́sọ́nà wálé, ọmọbìnrin náà kò kúnlẹ̀ kí ọ." Ohun tí a fún un kò ju èyí lọ. Òun ni yóò mọ̀ bóyá ìbínú ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ tàbí ẹ̀rín ẹ̀tàn. Òun ni yóò mọ̀ pé kò yẹ kí òun bú ọmọbìnrin náà ní tààrà, pé kí òun kúkú kí i kú iṣẹ́ ìdúró, kí òun béèrè bóyá orúnkún ń dùn ún, kí òun ránṣẹ́ lọ pe oníṣègùn. Òun ni yóò mọ ìgbà tí yóò dákẹ́ kí èrò rẹ́rìn-ín tán, nítorí bí ó bá tètè sọ̀rọ̀, ẹ̀rín yóò bo ọ̀rọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, eré yóò tutù. Òun ni yóò pa òwe kan dé ìdajì, kí òǹwòran fúnra wọn parí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ní ìlú mìíràn, yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe, kò sì ní rí bákan náà, nítorí ohun tí ó pa ará Èkó lẹ́rìn-ín lè má pa ará Ifẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ṣé ẹni tí ó ń ṣe gbogbo èyí kò yẹ ní ẹni tí à ń pè ní aṣẹ̀dá? Bí ọkùnrin kan bá jókòó sí yàrá, tí ó fi bíírò kọ irú ọ̀rọ̀ kan náà sínú ìwé, a ó pè é ní òǹkọ̀wé, a ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò.

N kò sọ pé olórí ẹgbẹ́ kò ṣe nǹkan kan. Òun ni ó ń ru ẹrù ẹgbẹ́, òun ni ó ń wá ọkọ̀, tí ó ń gba gbọ̀ngàn, tí ó ń ronú ìtàn tí gbogbo ọ̀rọ̀ yóò so mọ́. Igi kan kò sì lè dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń kọ ìtàn, igi kan yìí ni a ń rí. A ń sọ pé eré Bàbá Mérò, eré Bàbá Sàlá, eré Adéjọbí, bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti jáde.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí gba àròjinlẹ̀. Àwọn aláwàdà ọkùnrin náà ní orúkọ ìnagijẹ, wọ́n sì ń jẹ́ Bàbá Lágbájá. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ Bàbá Sàlá wà lára ọkọ̀ ẹgbẹ́ àti lórí ìwé ìpolówó. Ọjà tirẹ̀ ni. Orúkọ tí obìnrin ń jẹ́ nínú eré kì í ṣe ọjà tirẹ̀, síbẹ̀ a máa gbé e lọ sí ilé àti sí ojú ọ̀nà, títí tí àwọn ènìyàn yóò fi gbàgbé èyí tí àwọn òbí rẹ̀ fún un. Àwẹ̀ró jẹ́ oríkì tí ó dára, oríkì ọmọbìnrin tí a wẹ̀ tí a sì fi aṣọ ró fún. Ẹni tí ó ń jẹ́ ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbayì. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Lánre Hassan lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá ní ọjà, kí ẹ tún béèrè Ìyá Àwẹ̀ró lọ́wọ́ wọn. Ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Èyí tí ó tún kà mí láyà jù ni ti Amebo. Ètò The Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí rédíò ní ọdún 1958, ó sì bọ́ sórí amóhùnmáwòrán ní ọdún 1968, níbi tí ó wà títí di ọdún 1988. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìlú Yorùbá kan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ọba rẹ̀ àti Olóyè Ẹléyinmi tí kò ṣeé gbàgbé. Nínú ètò náà ni Ibidun Allison ti ṣe obìnrin kan tí ó máa ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé dé ilé, tí kò sí àṣírí tí kò gbọ́, tí kò sì sí èyí tí ó lè pa mọ́ra. Amebo ni wọ́n pè é. Ó ṣe é dójú àmì débi pé orúkọ náà fò kúrò nínú eré, ó di ọ̀rọ̀ nínú èdè. Lónìí, láti Èkó dé Kánò, òfófó ni amebo; àwa Yorùbá náà ń fi í bú ara wa. Mélòó nínú àwọn òǹkọ̀wé wa ni ó ti fi ọ̀rọ̀ kan kún èdè orílẹ̀-èdè yìí báyìí? Obìnrin yìí ṣe é pẹ̀lú ohùn àti ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lo ọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé ènìyàn kan ni ó fún un ní ẹ̀mí. Wọ́n gba ọ̀rọ̀, wọ́n gbàgbé ẹni tí ó ni ín.

Mo mẹ́nu kan rédíò nítorí pé òun ni ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ọ̀pọ̀ òǹwòran wa bí a ti ń gbọ́ àwàdà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà asọ̀rọ̀mágbèsì wọ inú ilé ní Èkó ní ọdún 1935, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1939, ni àwọn ènìyàn wa ti ń kọ́ láti fi etí nìkan wo eré. Rédíò kò ní ojú, kò ní aṣọ, kò ní ijó. Ẹni tí ó bá fẹ́ pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ni yóò fi ṣe é. Etí tí rédíò ti là yìí ni àwọn òṣèrébìnrin wa bá pàdé nígbà tí amóhùnmáwòrán dé, láti ìgbà tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959. Òǹwòran tí ó ti mọ adùn ohùn kò béèrè pé kí ìyá arúgbó inú eré máa ta kìtì.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó gbé ọ̀rọ̀ wá náà ni ó gbé e lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe eré ní ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ni ó ń lọ sí ilé àwọn òǹwòran. Kò sí téèpù tí ó gbà á sílẹ̀. Nígbà tí téèpù dé, ó wọ́n, wọ́n sì máa ń pa èyí tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè fi gba ètò mìíràn. Bí ẹni fi ọwọ́ nu pátákó kíláàsì ni a ṣe nu iṣẹ́ ọpọlọ ọ̀pọ̀ ènìyàn nù. Iṣẹ́ ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ kò parun pẹ̀lú téèpù. Ẹni tí ó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni ìwé rẹ̀, tirẹ̀ ni ó parun.

Sinimá ni ó tẹ̀ lé e. Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976, ni a kà sí sinimá àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ògúnǹdé ṣe Ayé ní ọdún 1979, Bàbá Sàlá sì gbé Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982, èyí tí àwọn olè dà kọ sórí fídíò tí wọ́n sì fi sọ ọ́ di onígbèsè. Ẹgbẹ́ Ọ̀gá Bello náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sinimá ní àárín àwọn ọdún 1980. Bí ọrọ̀ ajé ti ń bàjẹ́, tí owó epo àti ti ọkọ̀ ń gòkè, tí ẹ̀rù adigunjalè sì ń lé àwọn ènìyàn sínú ilé lálẹ́, ìrìn àjò eré dópin díẹ̀díẹ̀. Láti ọdún 1988 ni fídíò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò sinimá.

Fídíò yí ayé òṣèrébìnrin padà. Ẹgbẹ́ tú, olúkúlùkù òṣèré di alágbàṣe tí agbátẹrù ń pè fún ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì. Obìnrin bíi Lánre Hassan, tí ó ti lo ọdún púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, wá di ìyá gbogbo ilé. Lónìí ó jẹ́ ìyá ọkọ nínú fíìmù kan, lọ́la ó jẹ́ ìyá àgbà nínú òmíràn. Àṣà ìdárọ̀sọ sì bá a lọ síbẹ̀. Mo ti bá àwọn òṣèré sọ̀rọ̀ tí wọ́n ní àwọn agbátẹrù kan kì í kọ ọ̀rọ̀ fún àgbà aláwàdà rárá. Wọn a kàn kọ ọ́ sínú ìwé eré pé "màmá sọ̀rọ̀", wọn a sì fi àyè sílẹ̀. Àpọ́nlé ni, ìjìyà sì ni. Ó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè kọ ọ́ tó bí yóò ti sọ ọ́. Síbẹ̀, bí fíìmù bá jáde, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọ síwájú "ẹni tí ó kọ eré".

Agbára tí ó wà nínú irú òṣèré bẹ́ẹ̀ hàn nínú Family on Fire tí Tádé Ògìdán gbé jáde ní ọdún 2011. Nínú rẹ̀ ni ọmọ kan ti fi kokéènì pamọ́ sínú oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ń gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ wo ọmọ rẹ̀ mìíràn. Lánre Hassan ni ìyá náà; ìyá kò mọ nǹkan kan. Ìtàn ìbẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n wọ́n fi aláwàdà sí àárín rẹ̀, ọgbọ́n sì ni. Òǹwòran tí ó ti ń bá obìnrin yìí rẹ́rìn-ín láti ìgbà èwe rẹ̀ kò rí i bí àlejò. Ìyá tirẹ̀ ni ó rí tí ó gbé ikú dání láìmọ̀. Ẹ̀rín àná ni ó sọ ẹ̀rù òní di ńlá. Ẹni tí ó bá rò pé àwàdà jẹ́ iṣẹ́ kékeré, kí ó wo bí a ti lè fi ohun tí ó kó jọ ra omijé.

Kí ni òfin wí? Òfin tí ó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ ní Nàìjíríà tẹ́lẹ̀, ti ọdún 1988, kò ka ọ̀rọ̀ sí ohun tí ènìyàn lè ní àfi bí a bá ti gbà á sílẹ̀ lórí ohun kan tí a lè tún kà tàbí gbọ́. Òfin yìí kan náà sọ pé ẹni tí ó ṣètò bí fíìmù yóò ṣe di ṣíṣe ni olóhun fíìmù, àfi bí wọ́n bá ti jọ ṣe àdéhùn mìíràn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí fún aláwàdà tí ń dárọ̀ sọ. Kí ó tó sọ ọ́ síwájú ẹ̀rọ, kì í ṣe ohun ìní nítorí a kò gbà á sílẹ̀. Ní kété tí a gbà á sílẹ̀, ó ti di ti agbátẹrù. Òótọ́ ni pé òfin fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣèré, òfin tuntun ti ọdún 2022 tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2023 sì fún ẹ̀tọ́ náà lókun sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ṣe ohun kan kọ́ ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ó dá a.

Àwọn ọmọ tí ó dé lẹ́yìn ti kọ́gbọ́n. Nígbà tí Fúnkẹ́ Akíndélé ṣe Jenifa ní ọdún 2008, kò dúró de ẹni tí yóò fi àyè sílẹ̀ fún un. Òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó sọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òun ni ó gbé e jáde. Ọmọ Ayétòrò tí ń fọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí wẹ́wẹ́ di ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀, orúkọ ẹni tí ó dá a kò sì sọnù. Fíìmù rẹ̀ A Tribe Called Judah, tí ó jáde ní ọdún 2023, di fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá. Tóyìn Abraham ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Alákadá láti ọdún 2009. Àwọn kan ń rò pé owó nìkan ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn wọ̀nyí àti àwọn ìyá wọn nínú iṣẹ́. Ìyàtọ̀ tí mo rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìyá wọn ní ọ̀rọ̀, wọn kò ní ìwé. Àwọn wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀, wọ́n sì di ìwé mú.

Lánre Hassan pé ẹni àádọ́rin ọdún ní ọdún 2020, lẹ́yìn iṣẹ́ tí ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti lọ, wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ wọn lọ. Ohun tí a lè ṣe kò le púpọ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa jókòó ti àwọn fídíò àtijọ́ tí ó kù, kí wọ́n da ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wọ̀nyí kọ, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i bí a ti ń fi sí ewì, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ sí i lórí. A ti ṣe é fún babaláwo, a ti ṣe é fún oníjàálá; Barber àti Ògúndíjọ ti ṣe é fún ẹgbẹ́ Adéjọbí. Kò sí ìdí tí a kò fi lè ṣe é fún ìyá tí ó pa wá lẹ́rìn-ín.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé ọjọ́ ìbéèrè yẹn, mo fún kíláàsì mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún nínú eré náà pé kí wọ́n dà á kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí ní ìbéèrè mú tirẹ̀ wá, ó kọ ọ́ mọ́ sórí ìwé mẹ́rin. Lókè ojú ewé kìíní, níbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé sí, ó kọ ọ́ gbàgàdà pé: Lánre Hassan. Mo fún un ní máàkì rẹ̀, n kò sì fi yíǹkì pupa kan orúkọ náà.